Ohun tí omi iyọ̀ fi ojú mi rí

Obìnrin tó ń ta iyọ̀ fún mi ní Ọjà Ọba, ní Ìlọrin, kọ́kọ́ rò pé búkà ni mo fẹ́ ṣí. Ìgbà tí mo padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ló fọwọ́ lérán, ó ní, "Ọmọ Alhájà, kí lẹ ń fi iyọ̀ ṣe nílé yín gan-an?" Mo ní omi ni mò ń dà á sí. Ó ní tí mo bá dà á sómi tán ńkọ́? Mo ní mo máa ń jókòó wò ó ni. Ó wo ojú mi títí, ó ká owó rẹ̀ sábẹ́ ìró, kò sì bi mí ní nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà.

Òótọ́ ni mo kúkú sọ fún un. Ó lé lọ́dún kan tí mo fi jókòó ti àpótí gíláàsì kan nínú láàbù, tí mò ń wo omi. Físíìsì ni mò ń kà fún oyè kejì, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé fún mi ni pé kí n wo bí omi tó wúwo nísàlẹ̀, tó fúyẹ́ lókè, ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá dáná sí i nídìí, tàbí tí wọ́n bá fi nǹkan rú u. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀rín ni mo rín. Ta ni kò tíì gbé omi kaná rí? Omi ìdí ìkòkò á gbóná, á fúyẹ́, á gòkè. Èyí tó tutù lókè á sọ̀ kalẹ̀ wá gba ipò rẹ̀, wọn á sì máa yí bẹ́ẹ̀ títí omi á fi hó. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Bénard, ti wo irú rẹ̀ fínnífínní ní 1900, Rayleigh ará Gẹ̀ẹ́sì sì ṣírò rẹ̀ ní 1916. Mo ní kí ló tún kù?

Iyọ̀ ló kù. Tí omi ìsàlẹ̀ bá ti ní iyọ̀ nínú ju tòkè lọ, iná á ní kó gòkè, iyọ̀ á ní kó jókòó. Mo kọ ìṣirò kékeré kan lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá mi: ní irú ojú ọjọ́ tiwa níbí, tí omi bá fi dígírì 10 gbóná sí i, lítà kan rẹ̀ á fi nǹkan bíi gíráàmù 3 fúyẹ́ sí i. Iyọ̀ gíráàmù 4 nínú lítà kan náà ti tó láti dá gbogbo ìwúwo yẹn padà. Gíráàmù 4 kò tó ṣíbí ìmutíì kan. Ìyẹn ni pé iyọ̀ tí ìyá mi ní Òmù-Àrán máa ń fún sínú ọbẹ̀ láìwo ọwọ́ rẹ̀ lè bá iná jà.

Ibi tí ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀ ni bí a ó ṣe dá omi náà sínú àpótí. Àpótí yìí gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní 30, omi inú rẹ̀ jìn ní 40. Lítà 72 nìyẹn. Kì í ṣe pé ká da omi iyọ̀ sísàlẹ̀ ká wá da omi lásán lé e bí ẹni ń bu ewédú lé gbẹ̀gìrì. Ohun tí à ń wá ni omi tí iyọ̀ rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láti ìdí dé ojú, tí èèyàn kò ní rí ibi tó lè nawọ́ sí pé ibí ló ti yí padà. Ike ńlá méjì la fi ń ṣe é. Wọ́n á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì kan náà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á so ìdí wọn pọ̀. Omi iyọ̀, gíráàmù 20 sí lítà kan, wà nínú àkọ́kọ́. Omi lásán wà nínú èkejì. Láti inú àkọ́kọ́ ni rọ́bà mìíràn ti ń gbé omi lọ sínú àpótí. Bí omi iyọ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ ni omi lásán á máa gba ìdí wọlé wá bá a, èèyàn á sì máa pò ó láìdáwọ́ dúró. Èyí tó ń jáde á máa fúyẹ́ sí i ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa sùn lé èyí tó ṣáájú rẹ̀ lórí.

Lójú bébà, ó rọrùn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo jẹ́ kí omi máa já lu omi bí ẹni ń pọnmi sí àmù. Kí àpótí tó kún dé ìdajì, gbogbo rẹ̀ ti dà pọ̀, àwọ̀ pupa tí mo fi sínú omi ìsàlẹ̀ ti gba ibi gbogbo kan bíi zobo. Mo dà á nù, mo tún un ṣe, ó tún bàjẹ́. Ní ìgbà kẹta ni bàbá tó ń tọ́jú láàbù, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Láàbù, dìde níbi tó ti ń gbọ́ rédíò, ó jáde, ó sì gbé igbá kékeré kan tó ti dá ihò sí nídìí káàkiri wọlé, pẹ̀lú kànìnkànìn ìbílẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ. Ó gbé igbá léfòó, ó tẹ́ kànìnkànìn sínú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kó máa kán sórí eléyìí. Omi ò fẹ́ kí wọ́n já lu òun."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Omi á kán sórí kànìnkànìn, á rẹ̀ ẹ́, á gba ihò igbá yọ́ jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tẹ́ sílẹ̀ lójú omi bí ẹni tẹ́ ẹní. Igbá náà fúnra rẹ̀ ń bá omi gòkè. Wákàtí mẹ́rin ló ń gbà mí láti kún àpótí kan, ọwọ́ tí mo fi ń pò ó á ti kú tán. Nígbà tí Ọ̀gá mi, Pròf, wọlé tó rí i, ó ní fóòmù tó léfòó ni àwọn tó wà lókè òkun ń lò, iṣẹ́ kan náà ni. Inú Bàbá Láàbù dùn débi pé kò fetí sí rédíò mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn ìjàǹbá kéékèèké pọ̀, n kò ní kà wọ́n tán. Iyọ̀ ọjà ní nǹkan tí wọ́n fi sí i kó má baà dì, ìyẹn sì máa ń sọ omi di funfun bí omi ògì. Àfi kí èèyàn jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì kó tòrò. Omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà láti bóhòólù ní afẹ́fẹ́ nínú. Bí ó bá ti gbóná díẹ̀, ìhó afẹ́fẹ́ wínníwínní á so mọ́ ìdí àpótí, wọn á máa gòkè níkọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fa ìrù omi iyọ̀ lẹ́yìn, wọn á sì ba ohun tí mo fi wákàtí mẹ́rin tò jẹ́. Láti ìgbà náà, omi àná ni mò ń lò. Èyí tó dùn mí jù ni pé nínú ìgbà mọ́kàndínlógún tí mo kún àpótí yẹn, méje àkọ́kọ́ kò wúlò fún mi rárá, nítorí pé n kò kọ bí yàrá ṣe gbóná tó sílẹ̀. Omi ni mo ń wọn, n kò wọn ilé tó wà. Pròf ò bá mi wí. Ó kàn bi mí pé, "Ọjọ́ tí o ṣe eléyìí, ṣé ọyẹ́ ni àbí òjò?" Mo dákẹ́.

Kí n tó dáná sí omi rárá, ó ní kí n kọ́kọ́ mọ bó ṣe le tó. Mo mú ìgò abẹ́rẹ́ kékeré kan, mo ń fi iyẹ̀pẹ̀ sí i ní hóró-hóró, títí mo fi sọ ọ́ sómi tó sì lọ dúró sí agbedeméjì: kò rì, kò léfòó. Mo pe Bàbá Láàbù wá wò ó bí ẹni rí iwin. Mo fi ọwọ́ọ̀wọ̀ tì í sísàlẹ̀ díẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Ó gòkè, ó kọjá àyè rẹ̀, ó tún padà wálẹ̀, ó tún gòkè. Mo ka àkókò: àlọ àti àbọ̀ kan ń gbà á tó ìṣẹ́jú-àáyá 10. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìwé, 10 àti díẹ̀ ló fún mi. Väisälä, ọmọ Finland, ní 1925, àti Brunt ní ilẹ̀ Britain ní 1927, ló ti ṣe ìṣirò yìí fún afẹ́fẹ́ tó wà lókè wa. Orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n sì fi ń pè é di òní. Tí ìgò yẹn bá ti lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, ó ti tán. Agbára tí mo fi tì í ti di ìgbì abẹ́ omi, ó ti bá ibòmíràn lọ, ojú omi lókè kò sì mira.

Ọjọ́ iná wá dé. Irin tó ń gbóná nínú áyọ́ọ̀nù ògbólógbòó méjì ni Bàbá Láàbù tò sábẹ́ ìdí àpótí, páànù alumíníọ́ọ̀mù sì ni ìdí náà. Mo sọ hóró potassium permanganate kan sínú omi. Bó ṣe ń rì lọ, ó fa ìlà elésè-àlùkò kan lẹ́yìn, tó gún láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí okùn tí bíríkìlà ta. Mo tanná. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ ìlà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó já, ó túká, omi ìdí àpótí ń ru gùdù, wọ́n ń yí lura wọn bí ọmọ ẹja nínú garawa. Àwọ̀ gba gbogbo ìdí. Mo fa àga mi sún mọ́ ọn, mo ń retí kó gòkè dé ojú omi.

Ó gòkè tó ìbú ìka méjì, ó dúró.

Ó dúró pátápátá, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé wọ́n tẹ́ gíláàsì mìíràn lé e lórí. Lábẹ́ rẹ̀, rúkèrúdò. Lókè rẹ̀, kẹ́kẹ́ pa: ìlà elésè-àlùkò tó kù gún síbẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo fi kún iná. Omi ìsàlẹ̀ ń fò lu àjà náà, á wú díẹ̀ bí àkàrà, á tún já bọ́. Mo ní irin áyọ́ọ̀nù yìí ti bàjẹ́. Mo pa á, mo forí kọ́, mo lọ bá Pròf ní ọ́fíìsì.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, kò ṣiṣẹ́."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó dúró, sà. Kò gòkè mọ́."

"Kí ló wà lókè ibi tó dúró sí?"

"Omi ni, sà."

"Mo mọ̀ pé omi ni. Kí ni omi ọ̀hún ń ṣe?"

N kò lè dáhùn, nítorí pé n kò wò ó. Ibi tí àwọ̀ wà nìkan ni ojú mi wà. Ó ní kí n padà lọ, kí n jẹ́ kí iná wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí n sì jókòó. Mo jókòó. Lẹ́yìn àkókò díẹ̀, ìlà elésè-àlùkò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lókè àjà yẹn, níbi tí kò sí ẹni tó dáná sí. Omi ibẹ̀ náà ti ń yí, tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì ní àjà tirẹ̀ lórí. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ilé alájà mẹ́rin ló wà nínú gíláàsì, omi ń dàrú nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó ń la ilẹ̀kùn ẹnìkejì.

Ìdí rẹ̀ ni pé ooru àti iyọ̀ kì í rìn bákan náà. Nínú omi tó dákẹ́, ooru lè rìn sẹ̀ǹtímítà 10 láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan. Iyọ̀ máa fi ohun tó lé ní oṣù méjì rin ọ̀nà kan náà. Nítorí náà ooru yọ́ gba inú àjà kọjá, iyọ̀ kò lè tẹ̀ lé e. Omi tó wà lókè àjà wá gbóná láìjẹ pé iyọ̀ rẹ̀ lé sí i, ó fúyẹ́ ju èyí tó wà lórí rẹ̀ lọ, ni òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Turner àti Stommel ti fi irú èyí hàn nínú àpótí tiwọn ní 1964. Mo ti ka ìwé wọn, mo tilẹ̀ ti fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀ níwájú mi, iná ni mo pa.

Ìṣòro tó kàn ni pé ibi tí a bá fi àwọ̀ sí nìkan ni àwọ̀ ń fi hàn. Pròf ní àwọn kan máa ń lẹ bébà onílà mọ́ ẹ̀yìn àpótí, wọn á wo ìlà yẹn láti iwájú, nítorí pé omi tí ìwúwo rẹ̀ yàtọ̀ máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Bébà tèmi rin gbindin láàárín ọjọ́ méjì. Mo lọ bá Alhájà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń ta aṣọ òfì. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, aṣọ onílà tẹ́ẹ́rẹ́, dúdú àti funfun.

"Aṣọ ìyàwó oníyàwó lo fẹ́ lọ fi ṣe ẹ̀yìn omi?"

"Ẹ má bínú, mà. Èyí tó bá kù nídìí aṣọ náà ti tó."

Ó kùn, ó kùn, ó gé bíi apá kan fún mi. Mo ta á sẹ́yìn gíláàsì kí ìlà rẹ̀ dùbúlẹ̀, mo tan gílóòbù sí i. Kí n tó tanná ìdí àpótí, ìlà gún rẹ́gí. Bí omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, àwọn ìlà á máa gbọ̀n bí ọ̀dà títì ṣe ń gbọ̀n lójú èèyàn lọ́sàn-án gangan, tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́-Ìpo. Níbi tí àjà kọ̀ọ̀kan wà, ìlà á pa pọ̀, á nípọn. Fóònù mi ló ń ya á ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún márùn-ún. Alhájà wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé kan, ó dúró pẹ́ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Ó ní, "Aṣọ mi mà ń jó." Àtìgbà náà ni iyọ̀ inú ilé ò ti jẹ́ ẹjọ́ mọ́.

Aṣọ yẹn náà ló tú àṣírí oòrùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dé láàbù, n kò tíì tanná, àjà ti wà nínú omi, ó sì dagun díẹ̀. Mo fura sí àwọn ọmọ kíláàsì kejì. Mo bi wọ́n, wọ́n búra. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rí i pé oòrùn àárọ̀ ń gba ojú fèrèsé tàn sí ẹ̀gbẹ́ kan gíláàsì. Omi ẹ̀gbẹ́ yẹn ń gbóná, ó ń gòkè díẹ̀, á dé ibi tí ìwúwo rẹ̀ bá ti omi ibẹ̀ mu, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Thorpe, Hutt àti Soulsby ti ṣe irú rẹ̀ tinútinú ní 1969. Èmi, fèrèsé ló ṣe é fún mi. Mo lẹ páálí mọ́ ọn.

Nípa iná NEPA, ohun tí mo fi ń bú wọn kọ́ ló ṣẹlẹ̀. Lálẹ́ tí wọ́n mú un lọ nígbà tí mo ní àjà márùn-ún, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó: yíyí omi ń rọlẹ̀ ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo padà dé láàárọ̀, ooru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba káàkiri, ṣùgbọ́n aṣọ òfì ṣì ń fi àjà iyọ̀ hàn. Iná lọ, ilé ò wó.

Mo tún fi mọ́tò tó ń nu gíláàsì ọkọ̀ àti bátìrì ṣe ohun tó ń ti àwọ̀n wáyà sókè sódò nínú omi, kí n lè rú u láìdáná. Rouse àti Dodu ti lo irú ọgbọ́n yẹn ní 1955. Omi lásán lókè, omi iyọ̀ nísàlẹ̀, àwọ̀n ń lu tòkè. Ẹni tó bá ti ra zobo tí wọn ò rò pọ̀ dáadáa, tí gbogbo ṣúgà rẹ̀ wà nídìí, mọ bí ó ṣe ń rí. Ààlà tó wà láàárín omi méjèèjì mú bí ojú ọ̀bẹ, ó kàn ń rọra sọ̀ kalẹ̀ ni. Bí mo bá ṣe fi iyọ̀ kún tìsàlẹ̀ tó ni ó ń lọ́ra tó. Agbára tó yẹ kó da nǹkan pọ̀, ibi gbígbé omi tó wúwo sókè ló ń tán sí.

Nǹkan wọ̀nyí kò dúró sínú gíláàsì. Nansen, ará Norway, rí i ní 1893 tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, Fram, ń rìn bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀ níbi tí omi yìnyín tó yọ́ ti dùbúlẹ̀ lé omi òkun. Ekman fi àpótí omi wá ìdí rẹ̀, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1904: ìgbì abẹ́ omi ni ọkọ̀ náà ń fi agbára rẹ̀ ṣe. Adágún Kivu, láàárín Rwanda àti Kóńgò, ní irú àjà tí mo rí yìí lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú ibú rẹ̀. Ti Nyos ní Kamẹrúùnù ni n kì í fẹ́ sọ lọ títí. Omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ wúwo, ó di gáàsì káábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ̀sáìdì (CO₂) mọ́ra, kò sì dà pọ̀ mọ́ tòkè, títí di alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Ògọ́sítì 1986 tó dojú dé. Gáàsì yẹn pa nǹkan bí ènìyàn 1,700. Ọjọ́ tí mo kà á, n kò lè jókòó ti àpótí mi.

Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, èmi àti ọ̀rẹ́ méjì gun Òkè Sóbi lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Tèmi ni pé mo fẹ́ na ẹsẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí Ìlọrin nísàlẹ̀: èéfín igi ìdáná àti ti ààtàn tí wọ́n ń sun ń gòkè láti agboolé kọ̀ọ̀kan, á gòkè díẹ̀, á dúró, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Gbogbo rẹ̀ dúró sí ibì kan náà, bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ sórí ìlú. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó ronú. Ilẹ̀ ti tutù lóru nítorí pé kò sí ìkúùkù tó máa bo ooru rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ilẹ̀ ti wúwo, èyí tó fúyẹ́ wà lókè. Ẹni tí yóò dáná sí i ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ níhà ìlà oòrùn.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká dúró. Ọ̀kan ní ká dúró de ta ni? Mo ní ká ṣáà dúró. A jókòó lórí àpáta, ọyẹ́ ń fọ́ wa létè. Aago mẹ́jọ, kò sí nǹkan. Nígbà tó kọjá mẹ́sàn-án, abẹ́ èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òkè rẹ̀ ṣì tẹ́. Ó ń wú níbi kan, á tún rọlẹ̀, àfi bí àkàrà inú àpótí mi. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù ni ó fàya lápá ibi tí ilé pọ̀ sí jù, èéfín kan sì ta gbọ̀ngbọ̀n gòkè lọ sójú ọ̀run, àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

"Ṣé ohun tí o fi dá wa dúró nìyí?"

Mo ní òun ni.

Ó ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí òun ìbá ti jẹ láti aago méje, èmi ni màá sanwó rẹ̀. Mo sì san án.